Ààlè Tí Ajá Pa fún Ẹkùn

Ara mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ ṣáà jẹ́ n yára sọ ọ́. Oko ni mo ti ń bọ̀. Nǹkan kan hùn nínú igbó lẹ́yìn mi, ó hùn bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ igi gẹdú nílẹ̀. Ajá wa ló sáré kọjá lára mi, ló gbé ẹsẹ̀ kan sókè níbi kùkùté ẹ̀bá ọ̀nà, ló tọ̀ sí i. Ohun tó ń hùn náà dákẹ́. Ó padà! Ẹ gbọ́ ìdí tó fi padà.

Nígbà láéláé, nígbà tí ajá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú igbó wá ń bá èèyàn gbé, inú ilé ló máa ń tọ̀ sí. Kì í gbé ẹsẹ̀ sókè nígbà yẹn. Á kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé, á ṣe é ṣọ̀ọ̀, á sì máa ju ìrù.

Ọ̀kan nínú wọn ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́jìmí. Ọdẹ́jìmí àti ìyá ẹ̀ ló jọ ń gbé, ní ìparí abúlé, níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Ojo ni Ọdẹ́jìmí. Ewé já, á fò. Ajá yìí nìkan ló ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Tí nǹkan bá rìn lẹ́yìn ilé, ajá á ti gbọ́, á gbó. Tí ajá bá dákẹ́, Ọdẹ́jìmí á sùn.

Àmọ́ ìtọ̀ yìí! Ó tọ̀ sí ẹní. Ó tọ̀ sí ìdí ìkòkò omi. Ó tọ̀ sí ọkọ́ Ọdẹ́jìmí, ó tọ̀ sínú fìlà ẹ̀. Ìyá á fi omi eérú fọ ilẹ̀, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, kó tó gbẹ, ajá á ti padà síbẹ̀.

"Ọdẹ́jìmí," ni ìyá ẹ̀ á wí, "ṣé ajá lo mú wálé ni, àbí òjò?"

Ìyá fi ọmọrogùn lé ajá. Bó ṣe ń sá lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń mú un tọ̀ sílẹ̀ láti ìyẹ̀wù títí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti imú ẹ̀ bọ ìtọ̀. Ajá rò pé wọ́n ní kóun gbóòórùn ẹ̀ wò bóyá ó dáa. Ó gbóòórùn ẹ̀. Ó dáa. Ó ju ìrù.

Ẹ wá gbọ́ o. Láyé ìgbà yẹn, Ẹkùn kì í sá fún èèyàn. Ọ̀sán gangan ló ń rìn wọ abúlé bíi baálé tó ń lọ síbi ìpàdé. Èèyàn àti ẹranko ti bá a mulẹ̀ pé ohun tó bá wà lábẹ́ òrùlé, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ohun tó bá wà níta tí kì í ṣe èèyàn, tiẹ̀ ni, àfi tí wọ́n bá pààlè sí i.

Ẹ mọ ààlè, àbí? Ṣùkù àgbàdo àti àkísà tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdì igi ìdáná tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé nǹkan yìí lẹ́ni tó ni ín, kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹkùn gan-an ò jẹ́ rékọjá ààlè, torí ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ.

Ó wá di ọjọ́ kan. Ìyá Ọdẹ́jìmí ti jókòó láti òwúrọ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ọwọ́ ẹ̀ ti bó. Ó kó gbogbo ẹ̀ sínú agbọ̀n, ó ní kóun lọ bu iyọ̀ wá lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìgbà tó máa padà dé, ajá ti tọ̀ sí i. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n o. Inú ẹ̀ ni, ní àárín gbùngbùn.

Ìyá di ajá mú lọ́rùn, ó jù ú síta.

"Kò tún gbọdọ̀ sùn lábẹ́ òrùlé yìí mọ́. Tó bá wọlé, èmi á jáde."

"Ìyá, Ẹkùn á pa á jẹ!"

"Kó bá mi kí Ẹkùn."

Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí òrùlé nígbà yẹn, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹnu Ọ̀kẹ́rẹ́ sì rèé, kì í dúró sójú kan. Ó já sórí igi, ó ń fò lọ bọ́ sínú igbó.

Ọdẹ́jìmí jókòó sílẹ̀ níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá ẹ̀. Omi ti kún ojú ẹ̀.

"Kí ni mo fi ṣe ẹ́?" ló bi í. "Ṣebí inú ìṣasùn kan náà la jọ ń jẹun. Kí ló dé tó ò jẹ́ kílé gbà wá?"

"Olówó mi," ni ajá wí, "ilé ni mò ń bá yín ṣọ́. Ààlè ni mò ń pa."

"Ààlè wo?"

"Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀ ń so ṣùkù mọ́ igi ìdáná. Mo bi yín pé kí nìyẹn. Ẹ ní ohun tó bá jẹ́ tẹni, ààlè lèèyàn ń pa sí i kí wọ́n má baà jí i gbé. Èmi ò lọ́wọ́ tí màá fi so ṣùkù. Ìtọ̀ nìkan ni mo ní. Ẹní yín, mo pààlè sí i. Fìlà yín, mo pààlè sí i. Ẹ̀gúsí ìyá, hàà, ẹ̀gúsí yẹn funfun, mo mọ̀ pé olè á fẹ́ràn ẹ̀. Mo pààlè sí i dáadáa."

Ẹkún àti ẹ̀rín gbé Ọdẹ́jìmí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìwọ ọ̀dẹ̀ yìí! Ta ló ń pààlè sínú yàrá? Ta ló fẹ́ rí i níbẹ̀, àwa tá a ni ín? Ìta ni wọ́n ń pààlè sí, níbi tí ojú olè á ti kọ́kọ́ bá a!"

Ajá la ẹnu sílẹ̀. "Ìta?"

"Ìta."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ọmọrogùn nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ewé ti ṣe wàrà. Ẹkùn yọ. Ó rọra ń bọ̀, ó ń lá ètè.

"Ẹ kú ilé o. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ẹ ju nǹkan kan síta."

Ọdẹ́jìmí kàn jókòó síbẹ̀. Kò lè dìde.

"Ajá, dìde ká lọ," ni Ẹkùn wí. "Má jẹ́ n sáré. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ni."

Ajá sáré lóòótọ́, àmọ́ kò sá lọ. Ọ̀dọ̀ Ẹkùn gan-an ló forí lé! Ó dé ìdí pèrègún tó wà ní ààlà ilé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tọ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Ààlè ni, Bàbá Ẹkùn."

Ẹkùn wolẹ̀. "Ààlè wo ló ń wà nílẹ̀? Ilẹ̀ tó tutù ni mo rí." Ó gbé ẹsẹ̀, ó fẹ́ rékọjá.

Ọdẹ́jìmí ò mọ ìgbà tí ohùn jáde lẹ́nu òun. "Gbé e sókè! Wọn kì í pààlè sílẹ̀! Ibi tí imú ẹ̀ máa kàn ni kó o pa á sí!"

Ajá wo pèrègún. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ó dúró, ó sì tọ̀ ọ́ sára igi náà, ibi tí imú Ẹkùn wà gẹ́lẹ́.

Ẹkùn gbóòórùn ẹ̀. Ó sín. Ó tún gbóòórùn ẹ̀. Èéfín ìdáná ń rùn níbẹ̀. Ẹní ń rùn níbẹ̀. Ẹ̀gúsí ń rùn níbẹ̀. Gbogbo ilé Ọdẹ́jìmí pátá ló wà nínú ìtọ̀ yẹn. Ààlè ni lóòótọ́. Ẹkùn kó ẹsẹ̀ padà.

Àmọ́ ebi ń pa á. Ó yí gba ibòmíì. Ajá ti débẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sí kùkùté. Ó tún yí. Ajá gbé ẹsẹ̀ sí òpó ọgbà. Ìtọ̀ ń tán lọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ ná. Ó kán díẹ̀ síbí, ó kán díẹ̀ sọ́hùn-ún, títí ó fi ku igun kan péré, ẹ̀yìn balùwẹ̀. Ajá gbé ẹsẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

"Olówó mi, ó ti tán!"

Ẹkùn rẹ́rìn-ín. Ó forí lé igun náà.

Ìgbà yẹn ni Ìyá, tó ti ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ látinú ilé, jáde. Ó gbé igbá omi ràgàjì lọ́wọ́, ìró ẹ̀ ti fẹ́ tú. "Mu, ọkọ mi, mu! Mu gbogbo ẹ̀! Jọ̀ọ́, tọ̀ fún mi!" Ìyá tó ti ń fi ọmọrogùn lé e nítorí ìtọ̀, òun ló ń bẹ̀ ẹ́ kó tọ̀!

Ajá ń mu. Àmọ́ omi kì í di ìtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá mọ̀. Ló bá kúnlẹ̀ síwájú Ẹkùn.

"Ẹ kú ìrìn o, Ẹkùn. Ẹ kú oòrùn. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Ẹkùn gbéra ga púpọ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ò gbẹ̀kọ́. Wọ́n sì kí i, kò lè ṣàìdáhùn.

"Àlàáfíà ni."

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí tó ń hu eyín nínú wọn ńkọ́? Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìnáwó ìjẹta. Ìyá ìyàwó yín tí ẹsẹ̀ ń dùn, ṣé ó ti ń rìn?"

"Ó ti ń rìn. Ìyá, ẹ..."

"A dúpẹ́! Àbúrò yín tó wà lókè odò ńkọ́?"

Ọdẹ́jìmí náà dìde. Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀. Bí Ẹkùn bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, òun náà á dọ̀bálẹ̀ sọ́tùn-ún, á ní, "Ẹ kú àgbà o!"

Lẹ́yìn wọn, ajá pariwo: "Olówó mi, ó ti dé!"

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó gbé e sókè fíofío, ó sì tọ̀ sí igun yẹn bí òjò ọ̀wààrà.

Ẹkùn gbóòórùn ẹ̀. "Ta ló ni ààlè yìí?" ló bú mọ́ wọn.

"Àwa ni!" Ohùn Ọdẹ́jìmí ò gbọ̀n mọ́. "Ilé tiwa ni. Ẹ̀gúsí tiwa ni. Ajá náà, tiwa ni! Ẹ rékọjá, tẹ́ ẹ bá tó bẹ́ẹ̀!"

Ẹkùn gbé ẹsẹ̀ kan. Ó wò ó. Ó gbé e padà sílẹ̀. Ó yí, ó ń lọ, ìrù ẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó lọ pè é wá, òun náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dá orin lórí igi, gbogbo abúlé sì ń gbè é:

Ta ló pààlè?
Ajá ló pa á.
Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?
Ẹkùn ló fẹ́ jẹ ẹ́.
Kí ló wá jẹ?
Òórùn ló jẹ yó!

Ìyá fúnra ẹ̀ ló gbé ajá wọlé. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ajá fi èékánná họ ilẹ̀kùn. Ọdẹ́jìmí ṣí i fún un. Ajá yí ilé po, ó pààlè ẹ̀, ó padà wọlé, ilẹ̀ gbẹ furúfurú. Ìyá já orí ẹja fún un, ó ní, "Káre, ọmọ mi." Ọmọrogùn padà sídìí ọkà.

Láti ọjọ́ náà ni ajá tí wọ́n bá fi ohùn tútù kọ́ ti ń jáde lọ tọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé ẹsẹ̀ sókè nídìí igi, tó sì ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀, torí kò mọ iye igun tó ṣì kù. Á kọ́kọ́ gbóòórùn ibẹ̀, kó lè mọ ẹni tó wá yọjú. Ẹkùn náà ò sì wọ abúlé lọ́sàn-án mọ́.

Ajá wa ti yí ilé po tán, ó ti wọlé. Mo ti ti ilẹ̀kùn, mo ti fi ìdábùú há a. Ẹ jẹ́ n jókòó.