Ẹbọ Tí Ọnàfọwọ́kàn Fi Rán Àbúrò Rẹ̀

Jókòó-pẹ́-kí-orúnkún-gbàgbé-ìrìn ni ó dá fún Ọnàfọwọ́kàn, Olórí Asínlẹ̀kẹ̀ ní ìlú Ìrámọ̀, ní ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti gbé e. Ogún ọdún ni ó ti fi jókòó sín ìlẹ̀kẹ̀ adé. Oúnjẹ ń bá a níbẹ̀, omi ń bá a níbẹ̀. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú, orúnkún rẹ̀ wú, bí ó bá sì rìn dé ẹnu ọ̀nà, a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kì bá ka èyí sí, ṣùgbọ́n ọba tuntun fẹ́ jẹ. Ní Ìrámọ̀, ẹni tí ó bá sín adé ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e gun Òkè Aláńgbá. Bí kò bá lè gùn ún, oyè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀ṣúngbèmí, àgbà obìnrin tí ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Ìyá náà da owó ẹyọ, ó wò ó, ó ní:

"Igbá omi kan ni ẹbọ rẹ. Ní àràárọ̀, fún oṣù mẹ́ta, kí o pọn ọ́n lódò, kí o rù ú dé orí òkè, kí o dà á sílẹ̀ fún òrìṣà. Ní ọrọọrún, kí o bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ ja ìjàkadì."

"Èmi, ìyá? Kí wọ́n dá mi mọ́lẹ̀ lójú àwọn ìyàwó mi?"

"Ilẹ̀ kò ní jẹ ọ́."

Nígbà tí ìyá lọ tán, Ọnàfọwọ́kàn rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ pé ẹbọ ṣeé fi ránṣẹ́? Àgbà kì í ru igbá kí àbúrò máa wòran. Ó pe Àkànmú àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń sín adé náà, tí òun náà kò sàn jù ú lọ.

Ó gbé igbá ẹbọ náà lé e lọ́wọ́; Àkànmú kò jiyàn. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ó jókòó lọ́nà, omi sì ti dànù ju àbọ̀ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá a títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kún fún erùpẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́, oorun rẹ̀ dùn, òun náà sì ti ń dá ènìyàn. Ọnàfọwọ́kàn gbọ́, inú rẹ̀ dùn pé ẹbọ òun ti fín.

Ọjọ́ adé pé. Ọnàfọwọ́kàn kò tíì gun òkè dé ìdajì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yẹ̀, ó sì jókòó gbì sórí àpáta pẹ̀lú adé láyà. Àwọn ìjòyè bi í bóyá ọwọ́ mìíràn wà lára adé náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn pé Àkànmú bá òun sín in. Àkànmú dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gba adé, kò sì dúró títí ó fi dé orí òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í jẹ Olórí.

"Ìyá, mo rúbọ!" ni Ọnàfọwọ́kàn ké sí Ọ̀ṣúngbèmí. "Odindi oṣù mẹ́ta!"

"Ẹsẹ̀ ta ni ó gun òkè?"

"Ti àbúrò mi."

"Ẹsẹ̀ tí òrìṣà rí ni ó gbè."

Ẹni tí ó rú u, ara rẹ̀ le, oyè sì wọlé tọ̀ ọ́. Ẹni tí ó fi í rẹ́rìn-ín ni ó ń kábàámọ̀, ní àràárọ̀ tí ó bá ní láti kí àbúrò rẹ̀ ní "Olórí."