Abẹ́ Àpótí Baba Ògúnkọ̀yà

"Ẹwìrì ò mí, wọ́n ní obìnrin ló wọ àgbẹ̀dẹ, ta ló wo abẹ́ àpótí baba?" Òwe yìí kò ṣàjèjì lẹ́nu yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí kó tó sọ ọ́? Bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó dín ẹ̀rín kù.

Ní agbo ilé àwọn alágbẹ̀dẹ ní Òkè-Irin, èèwọ̀ ni kí obìnrin wọ àgbẹ̀dẹ. Obìnrin tó bá wá fọnná yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpáàdì rẹ̀, yóò pè, wọn yóò sì kó ẹyín iná fún un. Àwẹ̀ró, ìyàwó Ògúnrántí, mọ èyí dáadáa. Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, òtútù mú ọmọkùnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ara ọmọ ń gbọ̀n, iná sì ti kú nínú ààrò. Ó pè títí lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ló bá wọlé, ó kó ẹyín iná díẹ̀, ó sì sáré jáde. Ògúngbèmí, àbúrò ọkọ rẹ̀, rí i.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹwìrì ò mí mọ́. Ẹni tó ń fín in yóò fín in títí òógùn á fi bò ó, iná ò ní ṣe ju kó máa pajú dé bí arúgbó tó ń tòògbé. Irin ò pọ́n. Àwọn àgbẹ̀ tó fẹ́ ṣán oko tuntun kóra jọ síta, wọ́n ń béèrè àdá. Wọ́n pààrọ̀ awọ ẹwìrì, wọ́n pààrọ̀ èédú. Wọ́n ní ọwọ́ ẹni tó ń fín in ló rọ̀, wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Wọ́n fún Ògún lájá. Pàbó! Ìgbà yẹn ni Ògúngbèmí wá rántí ohun tó rí.

Ẹ wá wo ìwà ọ̀dájú! Ẹnikẹ́ni ò béèrè bóyá ara ọmọ yá. Baba Ògúnkọ̀yà, olórí agbo ilé, tó tún jẹ́ bàbá ọkọ Àwẹ̀ró, dájọ́ pé kí obìnrin náà padà sílé bàbá rẹ̀ kí Ògún lè yọ́nú, kí ọmọ sì dúró, nítorí ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í dàgbà sílé ẹlòmíràn. Wọ́n ti di ẹrù rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wolẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Àwẹ̀ró ń bi ara rẹ̀ léèrè: Nítorí ẹyín iná tí kò kún àpáàdì ni wọ́n ṣe fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òun?

Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, kó bẹ Ògún kó tó máa lọ. Baba jókòó lórí àpótí ìrókò ńlá tó ní kí wọ́n gbé sún mọ́ iná nígbà tí ọyẹ́ dé, láàárín ẹwìrì àti ojú iná gan-an. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ní kí Baba sún, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ wo abẹ́ àgbà. Wọ́n tún ń fín ẹwìrì, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá Ògún ti ń gbọ́. Bí Àwẹ̀ró ṣe kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ṣe déédéé etí aṣọ Baba. Wọ́n tẹ ẹwìrì mọ́lẹ̀, aṣọ Baba wú. Wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, aṣọ náà rọlẹ̀. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó tún wú.

Omi gbẹ lójú Àwẹ̀ró. "Baba, ẹ dákun, ẹ dìde."

Ògúngbèmí fò sókè. "Ṣé orí rẹ pé? Baba lo ní kó dìde?"

"Ẹ ti lé mi, ẹ ti gba ọmọ mi. Kí ló kù tí mo fẹ́ máa bẹ̀rù? Baba, atẹ́gùn wo ló ń fẹ́ yín lábẹ́ látàárọ̀?"

Atẹ́gùn náà ti ń fẹ́ Baba lábẹ́ láti ìgbà tí ẹwìrì ti dákẹ́ o! Ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọyẹ́ ni. Ó dìde, wọ́n gbé àpótí. Ẹsẹ̀ àpótí kan ti rì, ó ti fọ́ ọ̀pá amọ̀ oníhò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, èyí tí atẹ́gùn ń gbà láti ẹwìrì dé ojú iná. Wọ́n tẹ ẹwìrì lẹ́ẹ̀kan sí i, eruku tú jáde níbẹ̀, ó bo gbogbo wọn lójú.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí Baba wí? "Ó dáa, kó gbé ẹrù rẹ̀ wọlé." Ó parí!

Àwẹ̀ró ò kúrò lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹwìrì ò mí, ẹ ní obìnrin ló wọ àgbẹ̀dẹ, ta ló wo abẹ́ àpótí baba? Ẹni tó ní kí wọ́n di ẹrù mi ni yóò tú u."

Ògúnrántí, ọkọ rẹ̀, lọ gbé ẹrù náà wá, ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó pẹ́ kí arúgbó náà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, aṣọ kan tẹ̀lé òmíràn, lójú àwọn àgbẹ̀ tó ń dúró de àdá.

Nítorí náà, bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé tàbí nílùú, tí wọ́n sáré di ẹ̀bi ru ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, tí wọn ò sì wo ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lórí àga, ìgbà náà ni àwọn àgbà ń pa òwe yìí. Bí wọ́n bá pa á fún ìwọ náà, má fapá jánú. Dìde ná, kí o gbé àpótí rẹ.