Bí Ìjàpá Ṣe Kọ́ Àwọn Ayangàrí ní Sísá fún Iná

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Olùkọ́ kan ń bẹ tó kọ́ gbogbo ilé ní eré sísá, òun nìkan ni kò mọ ibi tí wọ́n ń sá lọ. Ta ni?

Ìjàpá!

Ẹ ò tilẹ̀ jẹ́ kí n mí! Ó dáa, ẹ súnmọ́ mi, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà máa bi mí pé kí ni mo wí. Àlọ́ mi gbọnra, ó gba inú ọyẹ́ kọjá, ó lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìyangàrí Ìyá Ọ̀yà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kò ṣeé fi di ọ̀la. Ìyá Ọ̀yà ló ni ilé ìyangàrí tó tóbi jù ní ìlú àwọn ẹranko. Ẹranko méje ló ń yan gàrí níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ìkeje. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí ni Àgbọ̀nrín, ìránṣẹ́ Erin ọba, já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá Ọ̀yà, ọba ní kí n kí yín. Iná jó ilé ìyangàrí kan ní ìlú kejì lánàá, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò mọ ibi tí wọn ì bá gbà jáde. Ọba ní láti òní lọ, ilé iṣẹ́ tí kò bá mọ ohun tí yóò ṣe bí iná bá sọ, kò gbọdọ̀ dáná mọ́. Mò ń padà bọ̀ wá wò yín kí oòrùn tó wọ̀."

"Òní?"

"Òní ni, Ìyá."

Ìyá Ọ̀yà wo àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́wàá tí òkúta ti ń tẹ̀ láti ìjẹta. Omi ti ro kúrò lára wọn tán. Bí wọn kò bá yan wọ́n lónìí, wọn yóò kan débi pé ajá gan-an kò ní fẹnu kàn wọ́n. Ilé méje ló ń jẹun láti ara àpò wọ̀nyẹn.

"Ta ló wá mọ nǹkan yìí tí yóò kọ́ wa?"

Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló ń kọjá lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò tíì fi nǹkan gidi sẹ́nu. Ẹ má tíì bínú sí i o, ebi ń pa á lóòótọ́. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo ewé oko, Yánníbo sì ti wí fún un láàárọ̀ pé aláǹtakùn ló ń gbé inú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn báyìí. Bó ti dé iwájú ilé náà ni òórùn kan gbá a nímú. Ẹ̀wà! Ẹ̀wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ lọ́sàn-án ló wà lórí ààrò ìkángun, nínú ìkòkò ọlọ́rùn tóóró.

Ẹsẹ̀ Ìjàpá kò lọ mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Kí ló dé tí ojú yín fi rí báyìí?"

Wọ́n sọ fún un. Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìyẹn náà ni? Iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe títí ó fi kú rèé."

Ewúrẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ayangàrí, ní, "Bàbá rẹ wo? Ṣé èyí tó ń jí iṣu kó?"

"Kò jí iṣu. Ó ń kó iṣu kúrò lọ́nà iná ni."

"Kí lo máa gbà?" ni Ìyá Ọ̀yà bi í.

"Èmi? Mi ò gba nǹkan kan."

Wọ́n wo ara wọn. Ìjàpá tí kò gba nǹkan! Ṣùgbọ́n oòrùn kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìjàpá mú agogo kan tó wà nínú ilé náà lọ́wọ́. "Ẹ fetí sílẹ̀. Bí mo bá ti lu èyí, ẹ ju ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, kí ẹ sá lọ sórí àpáta tó wà létí odò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ padà wá títí n ó fi lu agogo lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá sì gbọ́ ohùn tó ń pè yín, ẹ má dá a lóhùn! Iná gbọ́n. Ó máa ń fi ohùn ènìyàn pe ènìyàn padà."

Ìgbín bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ìwọ ńkọ́? Níbo lo máa sá sí?"

"Olùkọ́ kì í sá."

Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ bá mi gbè é o:

Agogo ti dún o,
*Sáré!*
Fi igbá sílẹ̀ o,
*Sáré!*
Má bojú wẹ̀yìn o,
*Sáré!*
Àpáta la ó ti rí'ra,
*Sáré, sáré, sáré!*

Wọ́n sá lọ. Ìjàpá dojú kọ ẹ̀wà. Ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, ó nu ẹnu, ó lu agogo lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n padà dé, wọ́n ń làágùn, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Àgbọ̀nrín dé, wọ́n tún un ṣe lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí wọ́n dáná wọn, àpò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì di gàrí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìjàpá ní, "Ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀kan kì í wọ ara o. N ó máa yọ sí yín."

Ó ń yọ sí wọn lóòótọ́. Ọ̀sán nìkan ló sì ń yọ, nígbà tí ẹ̀wà bá jinná.

Lọ́jọ́ kan Ewúrẹ́ ṣí ìkòkò wò. "Ìjàpá, ẹ̀wà wa ń dín kù."

"Ẹ ò wá rí i bí iná ṣe burú tó? Kò tíì dé, ó ti ń jẹun!"

Ìyá Ọ̀yà gbọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sá ló ń wò. Ọwọ́ ló fi mọ gbogbo iṣẹ́ tó mọ̀; ohun tó bá ti ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan, yóò rí ibi tó kù sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sá, Ewúrẹ́ àti Òkété há sẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ kejì ó dá ògiri ẹ̀yìn lu, ó ṣe ilẹ̀kùn mìíràn síbẹ̀. Ó rí i pé àwọn yòókù ti ń jókòó lórí àpáta kí Ìgbín tó kúrò nídìí ààrò, ó ní láti ìgbà náà lọ, ẹ̀yìn Ewúrẹ́ ni Ìgbín yóò máa gùn. Ó to ìkòkò omi sójú ọ̀nà odò. Lẹ́yìn náà ló wá pàṣẹ pé kí oníkálùkù fa igi iná rẹ̀ jáde nínú ààrò kó tó sáré.

Èyí gan-an ló bí Ìjàpá nínú. Ẹ̀wà wá ń tutù kó tó débẹ̀!

Ọjọ́ kan wá dé, ọyẹ́ ń fẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ìjàpá lu agogo, wọ́n fa igi jáde, wọ́n sá. Ó tọ́ ẹ̀wà wò. Kò tíì rọ̀. "Obìnrin yìí àti igi fífà!" Ó ti igi padà sínú ààrò ìkángun, ó fẹ́ ẹ fùù. Iná gbà. Kò tilẹ̀ dúró kó jinná, ó ti orí bọ inú ìkòkò. Iná ta pàrà sí òrùlé imọ̀ ọ̀pẹ. Imọ̀ gbẹ, ọyẹ́ ń fẹ́, kí lẹ rò?

Ooru mú Ìjàpá lẹ́yìn, ó fẹ́ yọ orí. Orí kò yọ!

Lórí àpáta, Ewúrẹ́ nawọ́. "Ẹ wo olùkọ́ wa! Ó tún fi èéfín kún un lónìí." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbà mí o!" Inú ìkòkò ni ohùn náà ti ń dún, húhúhú.

Òkété ní, "Iná ló ń pè wá padà yẹn. Ẹ má dáhùn."

Bí ó ti ń ké, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jókòó dáadáa sí i.

Ìyá Ọ̀yà ka orí. Méje, ó pé. Àfi Ìgbín tó sọ̀rọ̀ láti orí ẹ̀yìn Ewúrẹ́: "Ìyá, ta ló ń ka olùkọ́?"

Gbogbo wọn yíjú sí ilé tó ń jó. Ìyá Ọ̀yà dìde.

"Òfin ní kí á má padà," ni Òkété wí.

"Ẹni tó ṣe òfin ló wà nínú iná, ọmọ mi. Ẹ gbé omi!"

Ní gbogbo àkókò yìí, Ìjàpá ti fi ìkòkò gbá ògiri, ó fọ́. Ojú rẹ̀ là, iná ló rí. Ó sáré sọ́tùn-ún, ògiri. Ó sáré sósì, agbada gbígbóná. Ilẹ̀kùn méjì ló wà, kò mọ ọ̀kankan nínú èéfín, nítorí kò sá rí lọ́jọ́ kan. Kò síbi tó kù tó mọ̀ àyàfi ara rẹ̀. Ó kó orí wọlé, ó kó ọwọ́, ó kó ẹsẹ̀.

Wọ́n da omi, wọ́n fi àpò tútù lu iná, wọ́n wọ́ imọ̀ tó ń jó sílẹ̀. Ìdajì òrùlé ti lọ. Nígbà tí èéfín rọlẹ̀, wọ́n rí ohun dúdú kan nílẹ̀.

"Òkúta ààrò ni," ni Ewúrẹ́ wí. Ó ti ń sunkún.

Òkúta náà sọ̀rọ̀. "Ẹ̀wà yẹn ò tilẹ̀ jinná."

Ewúrẹ́ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa. Ìyá Ọ̀yà dá a dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìjàpá, ebi ń pa ọ́. Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ìyá, ẹnu mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ."

"Iṣẹ́ ibi lo ṣe. Ṣùgbọ́n àwa méje ò jóná ní ìka kan, ẹ̀kọ́ rẹ ni. Máa wá jẹun lọ́sàn-án. O sì ti di ìkẹjọ tí n ó máa kà."

Wọ́n tún òrùlé ṣe. Ìjàpá ń jẹ ẹ̀wà nínú àwo bí ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá lu agogo, tí àwọn méje bá sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé e. Ọjọ́ iná yẹn ni ara rẹ̀ rántí. Ewúrẹ́ tì í, Òkété fà á, pàbó ni. Nígbà tó yá, Ìyá Ọ̀yà ní kí wọ́n máa gbé e.

Ibi tí àlọ́ mi sá dé rèé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí mo bá pa irọ́ nínú rẹ̀, kí gàrí mi má wú lómi. Bí òótọ́ ni, kó wú kún igbá.

Yóò wú!

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí di òní, bí ariwo bá ta nínú igbó, gbogbo ẹranko a sá. Ìjàpá nìkan ni yóò kó orí àti ẹsẹ̀ wọlé, tí yóò sì dúró síbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi wá gbé e.