Ẹ̀gbẹ́ Òkè Tí Oòrùn Kò Tíì Dé

Wọ́n kọ oko kòkó mi sínú ìwé pé ó ti kú, wọ́n sì fẹ́ gbé ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa olóko kòkó, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé inú ọ́fíìsì ló ti ń wo oko olóko. Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti ojú ọ̀run ló ń wò. Ibi tó bá mọ́lẹ̀, ó kọ ọ́ pé igi ibẹ̀ yè. Ibi tó bá dúdú, ó ní ó ti kú. Kò gba rìbá. Àmọ́ kò gun òkè rí.

Oko mi wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Mo lọ bá a, mo ní kó fi àwòrán hàn mí. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni ìyá olóko fẹ́ rí níbẹ̀. Mo wò ó títí. Gbogbo òkè inú rẹ̀ ló dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kan náà.

Mo ní, "Ọ̀gá, aago mélòó ni wọ́n yà á?"

Ó ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, nígbà ọyẹ́.

"Ní aago mẹ́wàá ọyẹ́, súwẹ́tà ṣì wà lọ́rùn mi lóko. Òkè ṣì dí oòrùn mọ́ wa."

Kò bá mi jiyàn. Ó mú àwòrán mìíràn tó fi bí òkè ṣe ga àti bó ṣe dà gẹ̀rẹ́ hàn, ó ṣírò ibi tí oòrùn dúró sí lọ́jọ́ náà, ó sì dá ìmọ́lẹ̀ tí òkè gbà lọ́wọ́ wa padà sínú àwòrán náà. Ẹ̀gbẹ́ tiwa bá yọ, ó tutù yọ̀yọ̀ bíi ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì wọn, mo mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá," ó sì tún ìwé oko tèmi kọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí oorun sùn.

Akọ̀wé, mi ò bá ọkùnrin yẹn jà mọ́. Kò mọ òkè. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ wọn kòkó mi lọ́dún tó kọjá, orí igi tí ẹ pè lókùú ló sì ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe sí èèyàn: bí ibi tí ẹnìkan dúró sí bá ṣú, ẹ ó ní òun ló dúdú. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí oòrùn wà. Oko Ìyá Ajíbóyè ló tẹ̀ lé tèmi. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè rìn dé ọ́fíìsì, òkú ni oko rẹ̀ sì ṣì jẹ́ nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ wo lẹ máa pa ọ̀rọ̀ òkú yẹn rẹ́? Ẹ dá mi lóhùn.