Igbá Omi Àwẹ̀ró

"Ife là ń wò, a kì í wo ètè." Bí àlejò bá gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ará Àgọ́-Ìrókò, yóò rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mùtí ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti bí i, Ìbídùn, Ìyá Ìjọ ìlú náà, ló sì rọbí rẹ̀.

Lọ́dún náà, Àwẹ̀ró ti ibùdó àwọn adẹ́tẹ̀ dé. Dókítà ti wò ó sàn, wọ́n sì ti ṣe ìrìbọmi fún un níbẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn ti jẹ nínú ìka rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ti wọ́. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ kọ́ ahéré fún un lẹ́bàá odò, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé pé àlùfáà ń bọ̀ wá ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ìjọ dà rú. Ife kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ta ni yóò fẹnu kàn án lẹ́yìn Àwẹ̀ró?

Ni wọ́n bá rán Ìbídùn sí i pé kó mú igbá tirẹ̀ wá. Iṣẹ́ náà kò dùn mọ́ Ìbídùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó jókòó, ó dìde, ó tún ilẹ̀ tó ti gbá gbá, kó tó gbéra lọ́sàn-án Sátidé.

Inú Àwẹ̀ró dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, nítorí àlejò kì í yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó sáré bu omi sínú igbá tuntun. Onílé a máa kọ́kọ́ tọ́ omi wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Àwẹ̀ró kò tọ́ ọ wò.

"Ìyá, mi ò fẹnu kàn án o, kí ẹ lè mu ún."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìbídùn láyà. Síbẹ̀, kò lè mu ún. "Òùngbẹ ò gbẹ mí," ló wí, ó sì yára jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Àwẹ̀ró wo igbá omi náà. "Mo gbọ́, Ìyá. Èyí náà ni màá mú wá."

Láti ìgbà náà ni ara Ìbídùn kò ti balẹ̀ mọ́. Ó mu omi nínú àmù rẹ̀, òùngbẹ kò lọ. Ó kúnlẹ̀ àdúrà, igbá ló ń rí. Ó bínú sí ìjọ, ó bínú sí Àwẹ̀ró tó tètè gbà, ara rẹ̀ gan-an ló wá bínú sí jù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Ìjọ tí í ṣáájú àwọn obìnrin dìde níwájú, ó gba ẹ̀yìn lọ, ó kúnlẹ̀ ti Àwẹ̀ró tó wà ní ìparí gbogbo wọn. Nígbà tí àlùfáà dé ọ̀dọ̀ wọn, Àwẹ̀ró na igbá rẹ̀. Ìbídùn fọwọ́ bo ẹnu igbá náà.

"Ẹ fún un nínú ife, Àlùfáà. Èmi ni n ó tẹ̀ lé e."

Àwẹ̀ró mu. Ìbídùn nawọ́ sí ife. Rẹ̀mílẹ́kún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pariwo láti iwájú: "Háà, Ìyá! Ẹ ò rí ètè rẹ̀ ni?"

"Ife ni mò ń wò," ni Ìbídùn dá a lóhùn, "mi ò wo ètè." Ó sì mu ún.

Inú gbogbo ìjọ kọ́ ló dùn. Àwọn kan kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ títí ọdún fi yí. Ìbídùn kò wẹ̀yìn wò. Bí ìsìn ti parí lọ́jọ́ náà, ó bá Àwẹ̀ró gba etí odò lọ tààrà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ahéré.

"Àwẹ̀ró, òùngbẹ ń gbẹ mí. Bu omi wá, kó o sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí n tó mu."

Àwẹ̀ró tọ́ ọ wò, omijé rẹ̀ ń kán sínú igbá. Ìbídùn gbà á, ó mu ún tán.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní Àgọ́-Ìrókò, bí ẹnì kan bá ń yọ ṣùtì sí ẹni tó kúnlẹ̀ tì í níwájú Ọlọ́run, àgbà á rọra wí fún un pé: "Ife là ń wò, a kì í wo ètè."