Yèyé Afẹ̀yìnrìn àti Alẹ́ Àkọ́kọ́ Tó Bá Wa Nílé

Ẹ̀yin ọmọ Afẹ̀yìnrìn-má-ṣubú, ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ìdí tí a kì í fi í sáré yí òkúta yìí po.

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí amọ̀ òkè yìí ṣì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ọ̀lẹ paraku ni ilé ayé, kò fẹ́ yí. Bí oòrùn bá yọ, ènìyàn á sùn á jí ní ogún ìgbà kí ó tó wọ̀, òru náà á sì pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìhà tó kọjú sí oòrùn á jóná bí iṣu tí a gbàgbé sínú iná, ìhà kejì á sì tutù débi pé omi inú agbè á di òkúta. Ààlà ìdájí tó wà láàárín ìhà méjèèjì nìkan ló ṣeé gbé, ìdájí kì í sì í dúró sójú kan. Nítorí náà àwọn baba ńlá wa a máa ru ẹrù sá níwájú oòrùn láti ọdún dé ọdún, yìnyín níwájú wọn, iná lẹ́yìn wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì mọ ohun tí ń jẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Àwẹ̀ró amọ̀kòkò wà láàárín wọn, obìnrin tí inú rẹ̀ máa ń tètè gbóná, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àtọ́kẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè yìí ni Àtọ́kẹ́, tó wà nínú oyún, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, kò sì lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ojú ọ̀run ti ń pọ́n lẹ́yìn wọn.

Arógunmátìdí, olórí ìrìn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ le ju àyà rẹ̀ lọ, ní, “Àwẹ̀ró, oòrùn kì í dúró de aboyún. Fi í sílẹ̀ kí o máa bọ̀.”

Àwẹ̀ró wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní, “Ẹ máa lọ. Ìkòkò tí oòrùn ń pa lápá kan, yíyí là ń yí i. A kì í sá fún un.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ. Ìyá agbẹ̀bí kan tí orúnkún ń dùn ún nìkan ló dúró ti Àtọ́kẹ́ nínú àtíbàbà.

Lórí òkè náà ni ìdodo ayé wà, àpáta ribiti tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun ni ayé fi ń yí, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí. Àwẹ̀ró gun òkè lọ bá àpáta náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá a mú, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn yí i po, gẹ́gẹ́ bí àwọn amọ̀kòkò ti í ṣe nígbà tí wọ́n bá ń mọ ìkòkò. Ilé ayé kérora, ó mì, ó yí.

Ṣùgbọ́n inú ń bí i sí àwọn tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń sáré. Ọ̀sán àti òru wá ń lé ara wọn bí àgbò méjì, ìjì bẹ́, ìkùukùu fà ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yí ọ̀run ká, òjò ń rọ̀ ní ìbú, kò ráyè kan ilẹ̀. Ìjì ṣí àtíbàbà lórí àwọn obìnrin méjì náà. Láti ìsàlẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀:

“Ìyá mi, ẹ rọra.”

Ẹ̀rù bà á gidigidi, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló kù díẹ̀ kó fi pa ẹni tó wá gbà là. Ó rántí pé ìkòkò tí a bá kánjú yí, ẹnu rẹ̀ ló ń wọ́. Ó dẹ ẹsẹ̀, ó ń mí, ó ń rìn, títí ọ̀sán fi tó fún ẹni tó fẹ́ roko, tí òru sì tó fún ẹni tó fẹ́ sùn. Ìjì di afẹ́fẹ́, òjò rí ilẹ̀ rọ̀ sí. Oòrùn rọra wọ̀. Nínú ìtura ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ọmọ Àtọ́kẹ́ ké, ní alẹ́ àkọ́kọ́ tó wá bá ènìyàn nílé. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Dúrólé.

Àwọn tó sá lọ padà wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọn kò sì rù ú mọ́. Arógunmátìdí jókòó sílẹ̀, ó sunkún ayọ̀, ojú sì ń tì í.

Àtọ́kẹ́ pọn ọmọ gun òkè. “Ìyá mi, ó tó, ẹ jẹ́ ká lọ sílé.”

Àwẹ̀ró kò dúró. Ó ní, “Bí mo bá dúró, ọmọ yẹn yóò tún ru ẹrù. Máa gbé omi wá fún mi nírọ̀lẹ́.”

Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni Àtọ́kẹ́ ń gbé omi lọ. Ní ọjọ́ kan kò rí ìyá rẹ̀ mọ́, ipa gìgísẹ̀ nìkan ló rí yí àpáta ká, ó jìn bí inú odó. Ṣùgbọ́n oòrùn wọ̀ lásìkò, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí i lọ́rùn. Ó mọ̀ pé ìyá òun ṣì ń rìn, ó sì da omi náà sílẹ̀ fún un.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ẹ̀yìn rìn níbí, tí a kì í sáré, tí ìlú wa kì í sì í ṣí kúrò lójú kan, ìbáà jẹ́ ogun, nígbà tí obìnrin kan bá wà lórí ìkúnlẹ̀. Omi tútù nìkan ni Àwẹ̀ró, Yèyé Afẹ̀yìnrìn wa, ń gbà, àdúrà kan náà la sì ń gbà sí i: Ìyá mi, ẹ rọra.

Ẹ gbé omi. Alẹ́ ti ń bọ̀ wá bá wa nílé.