Adé Tí Ọnàwùmí Rán Nínú Òkùnkùn

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìránṣẹ́ ààfin kọ́kọ́ wá, ọ̀rọ̀ ẹní ló ń fa àríyànjiyàn láàárín Ọnàwùmí àti ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró. Ọnàwùmí jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ìrùkẹ̀rẹ̀ kan. Àwẹ̀ró dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ti di etí ẹní mú.

“Baba Ìbídùn, ẹ dìde díẹ̀. Oòrùn ti yí.”

“Kó máa yí lọ. Èmi ò yí.”

“Òjìji ọwọ́ yín ti bo iṣẹ́ yín. Ẹ wò ó, pupa lẹ sín síbi tó yẹ kí funfun wà.”

Ọnàwùmí gbé iṣẹ́ náà sún mọ́ ojú. Òótọ́ ni. Ó dìde, ó ń kùn, ìyàwó rẹ̀ sì fa ẹní náà lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti gba èjìká òsì wá, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ rẹ̀ fi ń di abẹ́rẹ́ mú.

“Ẹni tó bá gbọ́ bí o ṣe ń darí mi yóò rò pé èmi ni ìyàwó,” ni Ọnàwùmí wí.

“Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọbẹ̀ sísè ná.”

Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni obìnrin yìí ń fa ẹní náà kiri, láti ìgbà tí oòrùn bá ti là títí di ìgbà tó bá wọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni iṣẹ́ ìdílé Ọnàwùmí ní ìlú Òkè-Ẹfun, ìlú tí wọ́n fi òkè funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ lórúkọ. Ọnàwùmí kì í fi àtùpà ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a ká ẹní, a sì fi ìyókù sílẹ̀ di ọ̀la.

Ohun kan ṣoṣo ni tọkọtaya yìí ń retí ní ọdún náà. Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ kí ó tó lóyún. Ọnàwùmí ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ni yóò kọ́kọ́ wo ojú ọmọ náà, kí òun lè mọ̀ bóyá imú ilé òun ló gbé wá sáyé. Àwọn aládùúgbò a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé kí Ọlọ́run gba ọmọ náà lọ́wọ́ irú imú bẹ́ẹ̀. Ọnàwùmí pàápàá a máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Olórí Ẹmẹsẹ̀, àgbàlagbà tó jẹ́ olórí àwọn ìránṣẹ́ ààfin, ló wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní ikán ti jẹ adé ìlú ní àkókò tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ọba tó wàjà. Wọ́n ti yan ọba tuntun. Ó ku oṣù márùn-ún kí wọ́n fi í jẹ, adé tuntun sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀.

“Ìwọ ni iṣẹ́ yìí kàn,” ni Olórí Ẹmẹsẹ̀ wí. “Bàbá bàbá rẹ ló ṣe èyí tí ikán jẹ. O mọ àṣà rẹ̀. Ojú ènìyàn kankan kò gbọdọ̀ rí adé tí kò tíì parí, àfi ojú ẹni tó ń rán an.”

Ọnàwùmí dọ̀bálẹ̀. Kò béèrè ohunkóhun. Bàbá rẹ̀ kò rán adé rí, bàbá bàbá rẹ̀ sì ti kú kí wọ́n tó bí i. Nítorí náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa àṣà náà mọ́. Ohun tó gbọ́ ni pé adé kò gbọdọ̀ hàn. Èyí tó kù, òun fúnra rẹ̀ ló fi kún un.

Yàrá tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé ni ó yàn. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní. Ọnàwùmí po amọ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí fèrèsé náà pa. Ó fi ẹní tó nípọn bo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ó to àtùpà alámọ̀ mẹ́fà yí ibi ìjókòó rẹ̀ ká, ó rọ epo pupa sí wọn, ó tanná, ó sì wọlé.

Àwẹ̀ró dúró sí ìta ẹní náà. Kò lè wọlé fa ẹní ìjókòó kiri mọ́.

“Baba Ìbídùn, ṣé ẹ ń ríran níbẹ̀ yẹn?”

“Àtùpà mẹ́fà ń jó, o ń bi mí bóyá mo ń ríran.”

“Àtùpà mẹ́fà, òjìji mẹ́fà,” ni Àwẹ̀ró dáhùn. “Ènìyàn ni wọ́n ní kó má rí adé. Wọn ò ní kí ìmọ́lẹ̀ má rí i.”

“Ìyá Ìbídùn, jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ ọba.”

Bí Àwẹ̀ró ti sọ ọ́ ló rí. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè lọ síbì kankan kí òjìji má tẹ̀ lé e. Iná àtùpà ń kọ mànà lára ìlẹ̀kẹ̀, ó sì ń ta á lójú. Epo pupa ń rú èéfín, yàrá náà kò sì ní ihò tí èéfín yóò gbà jáde. Ooru ibẹ̀ dà bí ti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn wà tí kò tíì ní ihò, Ọnàwùmí ni yóò lu ú, ìyẹ̀ òkúta a sì máa kún ìka rẹ̀. Bí èéfín bá ti mú kí ojú yún un, ìka kan náà ló fi ń ra á.

Ní oṣù kejì, epo inú ilé tán. Àwẹ̀ró ń se ọbẹ̀ láìsí epo kí àtùpà má bàa kú. Ní oṣù kẹta, Ọnàwùmí jáde wá jẹun ní ìrọ̀lẹ́, ó na ọwọ́ sí oúnjẹ, ọwọ́ náà sì balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní oorun ló ń kun òun. Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àwo náà sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ojú náà pọ́n bí ata, ohun kan tó dà bí omi ìrẹsì sì ti ń bo ẹyinjú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó mú agbọ̀n, ó sì gun òkè funfun ẹ̀yìn ìlú lọ wa ẹfun.

Yàrá kan wà ní òdìkejì àgbàlá tí wọ́n ń kó àgbàdo sí. Àwẹ̀ró kó àgbàdo náà jáde. Ó po ẹfun mọ́ omi, ó fi kun ògiri rẹ̀ nígbà mẹ́ta, títí inú yàrá náà fi funfun bí ẹyin. Ó dá ihò kan lu sókè lábẹ́ òrùlé, ní ìhà àríwá tí oòrùn kì í ti í wọlé tààrà. Ihò náà kò fẹ̀ ju atẹ lọ, ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá dúró níta kò lè yọjú wò ó. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ògiri funfun ń gbà á, ó sì ń fi fún ògiri kejì. Nítorí ọjọ́ tí òjò bá ṣú, ó gbé àtùpà kan ṣoṣo sí apá òsì, ó gé orí òwú rẹ̀ kúrú, ó sì fi àdín sí i dípò epo pupa, nítorí èéfín àdín kò pọ̀. Ó dán an wò. Àtùpà kan yẹn ń ṣe ju ohun tí mẹ́fà ń ṣe lọ, ife àdín kan sì ń tó o fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni iṣẹ́ náà gbà á. Ó lọ pe ọkọ rẹ̀.

Ọnàwùmí wọlé, ó sì fi ọwọ́ kan ògiri. Ó jókòó. Àwẹ̀ró kó abẹ́rẹ́ àti òwú lé e lọ́wọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì tó gbìyànjú, òwú wọ ihò abẹ́rẹ́. Ó ti tó oṣù kan tó ti ń fi ahọ́n wá ihò abẹ́rẹ́.

“Ibí yìí tutù,” ni ó wí.

“Ẹ gbé iṣẹ́ yín wá síbí.”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e la àgbàlá kọjá? Ìta gbangba ni.”

“Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni. Ẹ fi aṣọ bò ó.”

“Bí atẹ́gùn bá ṣí aṣọ ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kí n lọ bi Olórí Ẹmẹsẹ̀ léèrè.”

“Má lọ,” ni Ọnàwùmí wí. “Wọn yóò ní ẹni tí wọ́n gbé adé lé lọ́wọ́ ń rán ìyàwó lọ bẹ̀bẹ̀ nítorí èéfín. Iṣẹ́ ti ń lọ sópin. Tí mo bá parí rẹ̀, ibí yìí ni n óò ti máa ṣiṣẹ́ títí n óò fi kú.”

Àwẹ̀ró kò lọ. Nínú gbogbo ohun tí obìnrin náà ṣe láyé rẹ̀, èyí ni ọkàn rẹ̀ máa ń padà sí jù. Ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í gbàgbé ibi tí ọwọ́ òun wà nígbà tó bọ́.

Ọnàwùmí padà sí yàrá èéfín. Ojú ènìyàn méjì ló kù tí yóò sín sí ara adé náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí adé àwọn baba ńlá ti rí. Ó sín imú, ó sín ẹnu. Nígbà tó kan ẹyinjú wọn, ìka ló fi ń ka ìlẹ̀kẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ tí adé parí, ó fi aṣọ funfun wé e, ó ká ẹní ẹnu ọ̀nà sókè, ó sì jáde. Àwẹ̀ró ń sá ata sórí àpáta nínú àgbàlá. Oòrùn wà ní àtàrí, àwọn adìẹ ti sá sábẹ́ àká.

“Ìyá Ìbídùn,” ni Ọnàwùmí pè é. “Ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni?”

Àwẹ̀ró dìde. Ó rìn lọ bá a, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí Ọnàwùmí mọ̀ ọ́n lára bí oòrùn ṣe mú ọwọ́ náà gbóná, ó yé e pé ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìbídùn bí ọmọkùnrin. Wọ́n gbé e lé bàbá àgbà lọ́wọ́. Ó yí ojú ọmọ náà sí ìhà ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ni kò tó. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan tọ́ imú ọmọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì gbé e fún ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìwúyè, adé náà ń dán lórí ọba tuntun débi pé àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Ọba ní kí wọ́n mú ẹni tó ṣe é wá, kí ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró ló fà á lọ́wọ́ wá síwájú.

“Wò ó,” ni ọba wí. “Báwo lo ti rí i?”

“Kábíyèsí, n kò rí i.”

Olórí Ẹmẹsẹ̀ sún mọ́ ọn, ó wo ojú rẹ̀, ó sì bi í léèrè bí ọ̀rọ̀ ti jẹ́. Ọnàwùmí sọ nípa yàrá náà, ó sọ nípa àtùpà mẹ́fà.

“Ta ló ní kí o dí fèrèsé?” ni àgbàlagbà náà béèrè.

“Àṣà ni, bàbá.”

“Àṣà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ààfin níbí, nínú oòrùn, ni bàbá bàbá rẹ ti rán tirẹ̀. Ẹní la fi ṣọgbà yí i ká, òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bó bá sì fẹ́ dìde, a fi aṣọ bo adé náà. Mo ti gbọ́njú nígbà náà.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “O ò ṣe bi mí, ọmọ mi?”

Ọba ní kí Ọnàwùmí sọ ohun tó bá fẹ́, òun yóò fún un.

“Kábíyèsí,” ni Ọnàwùmí wí, “ìlú ti ní ọba tuntun, kí adé pẹ́ lórí. Èmi náà ní ọba kan. Òun ló ń darí ọwọ́ mi sí iṣẹ́, tó ń darí ẹsẹ̀ mi sí ọ̀nà. Òun ló yẹ kó fi ọmọ ọmọ mi hàn mí. Mo tì í mọ́ inú èéfín fún oṣù márùn-ún, n kò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá ara rẹ̀ le. Ọba tèmi ti wàjà. Kò sí àrẹ̀mọ tí yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀.”

Ọba ṣí adé kúrò lórí, ó sì gbé e lé itan fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ náà ló pàṣẹ pé gbogbo yàrá oníṣẹ́ ọwọ́ ní Òkè-Ẹfun gbọ́dọ̀ ní ihò ìmọ́lẹ̀ lókè, kí wọ́n sì máa fi ẹfun kun ògiri rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọnàwùmí tún lo ọdún méjìlá láyé. Ọmọ Ìbídùn dàgbà níṣojú ìyá àgbà rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sọ pé imú bàbá àgbà ló gbé wá. Ọnàwùmí a ní òun gbà wọ́n gbọ́. Adé náà wà ní ààfin títí di òní, gbogbo ará ìlú ló sì ti rí i àfi ẹni tó rán an. Ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú ọba ni àwọn àgbà gé kúrú, tí wọ́n sì fi ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn láti ìgbà náà wá: ojú lọba ara.